Ariwo Tí Rédíò Tuntun Gbé Mì

Kòkó ni mò ń yí lọ́wọ́ nígbà tí rédíò sọ̀rọ̀. Mo ti sá a sórí sìmẹ́ńtì iwájú ilé wa ní Odòde láti àárọ̀. Oòrùn ti ń yí lọ sẹ́yìn àpáta, mo sì fẹ́ kí abẹ́ rẹ̀ gbẹ kí òjìji tó dé bá a. Pátákó tí káfíńtà kàn mọ́ ẹnu ọ̀pá gígùn ni mo fi ń yí i. Rédíò wà lórí àga lẹ́bàá ògiri, níbi tí mo ti lè máa rí i láì bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá yí ìlà kan tán, màá wò ó, màá sì padà sídìí iṣẹ́ mi.

Èmi kì í ṣe ọdẹ. Ilé-ìwé girama ni mo kà dé, oko àti òwò kékeré ni mo sì ń ṣe. Ṣùgbọ́n èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bí mo bá sì gbọ́ nǹkan, bí mo ṣe gbọ́ ọ ni màá ṣe sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹ̀ṣọ́ oko fi ní kí n máa jókòó ti rédíò ilé. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè é ní wọ́kì-tọ́kì. Àwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń so tiwọn mọ́ ìgbànú wọ inú oko kòkó, tèmi a sì wà nílé. Bí wọ́n bá ké pé àwọn ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́, èmi ni màá wá ọkọ̀, èmi ni màá pe ọlọ́pàá. Ìyá Rédíò ni wọ́n ń pè mí.

Kí ìlú tó ní ẹ̀ṣọ́, olè kòkó kì í sá fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń wọ oko pẹ̀lú àdá àti ìbọn. Bàbá arúgbó kan wà ní àdúgbò wa tó kọ̀ láti fi kòkó gbígbẹ rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Igi kòkó tirẹ̀ ni wọ́n so ó mọ́, wọ́n sì ṣá a ládàá láti èjìká wá sí àyà. Iwájú ilé wa ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ gbà, lórí ọ̀kadà, láàárín ọkùnrin méjì, bíi pé ó ń sùn. Ọwọ́ rẹ̀ kan ń fì. Nígbà tí mo gbá iwájú ilé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sójú ọ̀nà, eṣinṣin bò ó. Láti ìgbà náà ni àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo tó kù, ti ní òun á bá wọn ṣọ́ oko.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí wọ́n ṣe ń lo rédíò nínú igbó, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Lọ́dọ̀ wa, a kì í pe orúkọ ènìyàn nínú igbó. Ẹni tó bá gbọ́ ìpè tí kò rí ẹni tó pè é kò gbọdọ̀ dáhùn, torí kò mọ ohun tó ń pè é. Bàbá tó jẹ́ olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ kò gbà kí rédíò yí ìyẹn padà. Bí òun bá béèrè ọ̀rọ̀, ẹni tó wà nínú igbó kò ní lanu. Á tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mejì, á sì jù ú sílẹ̀. Rédíò àtijọ́ á wá hó létí gbogbo wa: ṣà, ṣà. Ìyẹn ni pé, “Èmi nìyí, ara mi le.” Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, “Rárá” ni. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀: olè lè wà lẹ́bàá rẹ kó má gbọ́ ohùn rẹ. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ débi pé mo mọ ṣà-ṣà ẹnì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ti àbúrò mi yára bí ẹni ṣáná.

Bàbá sì ti kà á léèwọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ṣà-ṣà nínú ilé. Ó ní ẹni tó bá ta á nínú ilé ń pe igbó wá sílé ni.

Ọmọ ìlú wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ní Àkúrẹ́ ló kó rédíò tuntun wá. Ẹnjiníà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ìyá rẹ̀ ṣì wà nílé níbí, ó sì máa ń wá wò ó lópin ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún bàbá arúgbó yẹn, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dáwó jọ, wọ́n ra rédíò fún gbogbo ẹ̀ṣọ́, wọ́n sì ra ẹ̀rọ kan tí wọ́n gbé sórí àpáta, èyí tí ń gba ohùn láti oko, tí ń tún un jù sílé.

Iwájú ilé wa ló ti kọ́ wa bí a ó ṣe lò ó. Ó ní ti àtijọ́ ń fi agbára ṣòfò: ó ń mí, ó ń hó, bátìrì á sì kú kí oòrùn tó wọ̀. Ó ní tuntun yìí máa ń sùn láàárín ọ̀rọ̀, ẹni tó bá pè é ló ń jí i. Ó ní ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ni ìjọba fún wa láti gbà sọ̀rọ̀ lójú afẹ́fẹ́, tuntun yìí sì pín in sí méjì kí àwọn ará Odòde àti àwọn tó wà lápá Òfósù má baà máa dí ara wọn lọ́wọ́.

“Ariwo ńkọ́?” ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ béèrè. “Ti àtijọ́ yìí ń kùn ju ìyàwó mi lọ.”

“Ariwo ti parí,” Ẹnjiníà dá a lóhùn. “Èyí mọ ohùn ènìyàn yàtọ̀ sí ariwo. Ohun tí kì í bá ṣe ohùn, kò ní gbé e jáde.”

Bàbá olórí yọjú. “Ṣé ó mọ olè náà yàtọ̀ sí ọmọlúàbí?”

“Ìyẹn ṣì kù, Bàbá.”

A rẹ́rìn-ín. Ó tún sọ fún wa pé bí ẹnìkan bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, rédíò ẹlòmíràn kò ní gbà kí ó já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á kàn gbọ́ “tùùn”. Èyí ni Bàbá fẹ́ràn jù. “Rédíò tó mọ àgbà,” ni ó wí. Ẹnjiníà wá fi iná kékeré kan hàn mí ní orí tèmi. Ó ní bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ti tẹ bọ́tìnì, iná aláwọ̀ ewé yìí á tàn, ì báà jẹ́ pé n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ní iná kò dára nínú igbó, olè lè rí i. Gbogbo wọn fi téèpù dúdú lẹ tiwọn pa. Tèmi nìkan ló kù tí iná rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dán an wò. Wọ́n dúró káàkiri àgbàlá àti ẹ̀yìn ilé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ síra wọn, àbúrò mi kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì wa sínú tirẹ̀, ó sì já gaara bí ẹni pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò sẹ́ni tó ta ṣà-ṣà. Ilé la wà, a kò sí nínú igbó.

Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, àbúrò mi ti ṣáájú wọ oko lọ wo ahéré kan tó wà lọ́nà Òfósù, níbi tí ìdílé wa àti àwọn mìíràn ń kó kòkó pamọ́ sí. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan sáré dé láti oko ata rẹ̀ pé òun rí ọkùnrin mẹ́ta tó mú àdá àti ìbọn, tí wọ́n kọrí sápá ibẹ̀. Gbogbo wa rò pé àbúrò mi á ti kúrò níbẹ̀ lọ sí oko mìíràn. Bàbá kó àwọn ẹ̀ṣọ́ tó kù, wọ́n gun ọ̀kadà lọ. Mo dúró ti rédíò, mo sì tún ń yí kòkó, torí n kò lè jókòó lásán.

Ohun tí àbúrò mi rí, òun ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn. Ó wà lórí àjà, láàárín àwọn àpò kòkó, ó ki wáyà rédíò bọ etí kí ohùn má baà jáde, nígbà tí àwọn olè náà wọlé. Wọ́n mú alágbàṣe tó ń gbé ahéré náà, wọ́n sì ń béèrè ibi tí kòkó wà. Wọ́n fi ìdí ìbọn gbá a lẹ́nu, eyín rẹ̀ sì já sílẹ̀. Wọ́n fi pẹlẹbẹ àdá nà án lẹ́yìn títí aṣọ rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ awọ. Ọkùnrin náà kò wòkè rárá. Ó mọ̀ pé àbúrò mi wà lókè, ó sì jẹ́ kí wọ́n máa nà òun. Ìbọn ṣakabùlà àbúrò mi kò lè dún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kó tó tún kì í, àwọn mẹ́ta ni wọ́n sì jẹ́. Ó rọra ti ẹnu ìbọn náà síta lójú fèrèsé kékeré àjà, kí ó má baà kọlu àpò nígbà tí ó bá yí padà sí ẹnu àkàbà. Lẹ́yìn ìyẹn kò lè mira mọ́, torí pákó àjà á ké létí àwọn olè. Ẹnu ìbọn yẹn ni Bàbá rí láti ìdí igi kòkó tó sá pamọ́ sí.

Rédíò mi wá sọ̀rọ̀. Ohùn Bàbá ni. Èdè Ìdànrè gidi ló fi sọ ọ́. Mo ń kọ ọ́ báyìí kí gbogbo ènìyàn lè kà á.

“Mo rí ẹnu ìbọn lójú fèrèsé àjà. Bí ẹni wa bá wà nínú ahéré yẹn, kó dáhùn.”

Ó jù ú sílẹ̀. Mo dúró. N kò gbọ́ nǹkan kan. Iná aláwọ̀ ewé tàn, ó kú, ó tún tàn, ó kú.

“Ilé, ṣé o gbọ́ ìdáhùn?”

“N kò gbọ́ nǹkan kan, Bàbá,” mo wí, òótọ́ sì ni.

“Mo tún béèrè o. Ẹni wa kankan wà níbẹ̀?”

Iná náà tún tàn lẹ́ẹ̀mejì. Ó yára bí ẹni ṣáná.

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé àbúrò mi ni. Mo na ọwọ́ sí rédíò, ṣùgbọ́n Bàbá ti tún gba ọ̀rọ̀. “Kò sí ẹni wa níbẹ̀. Ẹ̀yin apá ọ̀tún, ẹ yí sẹ́yìn ilé. Ìwọ, wo fèrèsé yẹn dáadáa, ẹni tó wà lẹ́yìn ìbọn ni kí o bà.” Mo tẹ bọ́tìnì. Tùùn. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Tùùn. Bàbá kò mú àtàǹpàkò rẹ̀ kúrò, ó ń pín iṣẹ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú sùúrù bó ṣe máa ń ṣe. Ká ní ti àtijọ́ ni, mo lè já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìró méjèèjì á fi orí gbárí, gbogbo wọn á sì mọ̀ pé nǹkan ń bẹ. Tuntun yìí mọ àgbà. Tùùn, tùùn, tùùn. Mo ń pariwo mọ́ nǹkan tí kò gbọ́ mi. Ìbọn sì dún. Ìró rẹ̀ dé etí mi bí ìgbà tí ènìyàn fi ẹ̀ṣẹ́ lu tìmùtìmù, torí kì í ṣe ohùn ènìyàn, rédíò kò mọ ohun tí yóò fi í ṣe.

Bàbá jù ú sílẹ̀.

“Ẹ má yìnbọn mọ́!” N kò mọ̀ pé mo ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. “Àbúrò mi ló wà lókè! Ẹ má yìnbọn mọ́!”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Ó ń dáhùn, Bàbá! Ó ń tẹ̀ ẹ́! Rédíò yìí ni kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ!”

Mo dúró lórí kòkó, ẹsẹ̀ mi ń tẹ̀ ẹ́ fọ́. Nígbà tí Bàbá tún sọ̀rọ̀, ó ń mí gùlegùle. Àwọn olè ti tú jáde nígbà tí ìbọn dún. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àdá. Méjì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sá lọ. Ẹ̀kẹta wà nílẹ̀, wọ́n ti ṣá a lọ́rùn, kò ní dìde mọ́.

“Àbúrò mi ńkọ́?”

“Itan ni ó bà á. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Wá mọ́tò.”

Mọ́tò tó yá jù ni ti Ẹnjiníà, ó sì wà ní ilé ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo fóònù rẹ̀. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó ti dé, ó ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀, nígbà tí ọ̀kadà gbé àbúrò mi dé láàárín ọkùnrin méjì. Ọwọ́ rẹ̀ kan ń fì. Mo ti rí bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí sàléńsà ọ̀kadà náà, ó ń jóná níbẹ̀, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo iwájú ilé. Ojú rẹ̀ ṣí. Mo tú gèlè mi, mo fi di itan rẹ̀ lókè ojú ọgbẹ́, mo fà á títí tó fi ké.

Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ ìró ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́.

“Ìwọ lo pa á!” Ẹ̀ṣọ́ tó yìnbọn ni. Ó ti di Ẹnjiníà mú ní ọrùn aṣọ, ó sì ń sunkún. “Ìwọ lo gba ohùn lẹ́nu wa!”

“Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ ná,” Ẹnjiníà ń wí. “Ẹ lù mí tí mo bá dé!”

“O ò ní dé ibì kankan! Olódùmarè á bi ọ́!”

Àwọn mìíràn dà bò ó. Ọ̀kan fi rédíò tuntun náà gbá a lójú, ìpéǹpéjú rẹ̀ sì ya. Wọ́n gbá a lulẹ̀ sórí kòkó mi, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gún un níhà, ó fi apá méjèèjì bo orí. Ẹnìkan ti ń wá òkúta tí yóò fi fọ́ gíláàsì mọ́tò. Bàbá dé lórí ọ̀kadà kejì, ó ń pariwo kí wọ́n dúró, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti há. Ẹ̀jẹ̀ ń yọ lára gèlè mi. Kò sí mọ́tò mìíràn nítòsí, kò sì sí ẹlòmíràn tí yóò wa èyí.

Ẹ̀ṣọ́ tó yìnbọn gbé òkúta sókè lórí Ẹnjiníà. Ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi gbé ọ̀pá pátákó kòkó, mo sì fi etí rẹ̀ là á mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́. Mo gbọ́ bí egungun ṣe ṣẹ́. Òkúta bọ́. Mo tún gbé e sókè, mo gbá èyí tó wà níwájú gíláàsì lẹ́yìn, ó fi orúnkún lulẹ̀. Wọ́n yíjú sí mi. Mo rí i lójú wọn pé wọn kò mọ̀ mí.

“Ìyá Rédíò!” ẹnìkan wí. “Ṣé orí yín dàrú ni?”

“Ẹni tó bá tún fọwọ́ kàn án, orí ni màá fọ́ fún un,” mo wí. “Ẹ gbé àbúrò mi sínú mọ́tò.”

Wọ́n gbé e. Ẹni tí mo ṣẹ́ lọ́wọ́ fi ọwọ́ kejì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ń pè é ní ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rẹ́ mi.

Ojú kan ni Ẹnjiníà fi wa mọ́tò dé Àkúrẹ́. Mo jókòó sẹ́yìn, itan àbúrò mi wà lórí ẹsẹ̀ mi, mo tẹ ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ara mi. Bí mọ́tò bá ti bọ́ sínú kòtò, ẹ̀jẹ̀ á gba àárín ìka mi jáde. Ìgbà tí a ti kọjá Aládé ni Ẹnjiníà tó sọ̀rọ̀.

“Kí ló dé tí kò lanu? Rédíò yẹn dára. Mo dán an wò lójú yín.”

“Olè wà lábẹ́ rẹ̀. Wọn kì í sì í lanu nínú igbó. Wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ni. Ariwo tó ń hó yẹn ni ìdáhùn wọn.”

Ó wakọ̀ díẹ̀ sí i. “Ariwo yẹn?”

“Ariwo yẹn.”

“Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.”

“Èèwọ̀ ni nínú ilé.”

Ó ṣí fèrèsé, ó tu ẹ̀jẹ̀ síta. “Rédíò náà mọ ọ̀nà méjèèjì, ti àtijọ́ àti ti tuntun,” ó wí. “Èmi ni mo pa ti àtijọ́. Nítorí bátìrì.” Ó tún tẹ iná mọ́tò mọ́lẹ̀ sí i, eré la sì ń sá títí a fi dé ọsibítù.

Wọ́n gbé àbúrò mi wọlé. Wọ́n ní kí n jókòó síta. Èmi àti Ẹnjiníà jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, aṣọ àwa méjèèjì le fún ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá bi wá ta ni aláìsàn nínú wa. Nígbà tí dókítà jáde, ó ní àwọn ti yọ ọta, àwọn ti rán iṣan tó ya. Ó ní ẹsẹ̀ náà lè má nà tán mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀mí kò bọ́, ká ní a pẹ́ sí i ni, òkú là bá gbé wá.

Ọjọ́ kejì ni mo tó rí i. Ètè rẹ̀ funfun. Ó wo ọwọ́ mi, tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, ó sì mọ̀ pé tòun ni.

“Àǹtí mi, ṣé ẹ gbọ́ mi?”

“N kò gbọ́ ọ. Iná rédíò ni mo rí.”

Ó dijú. Mo rò pé ó ti sùn. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń mì lórí aṣọ ìbora, ó ń tẹ nǹkan tí kò sí níbẹ̀. Ẹnjiníà wà lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ kan wú pa, kò mọ̀ bóyá kí òun wọlé. Àbúrò mi la ojú, ó rí i, ó tún yíjú sí mi.

“Ẹ ní kó dá ariwo wa padà fún wa,” ni ó wí.